Ìpara tí Dúróoríkẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pò

Níwájú ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ni Dúróoríkẹ́ ti máa ń po ìpara tà. Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àfín ni.

Nígbà tí ìdíje eré sísá ilé ìwé Ìní ku ọ̀sẹ̀ kan, Dúróoríkẹ́ po òrí mọ́ epo àgbọn, ó lẹ bébà mọ́ ike rẹ̀: "Ìpara Oòrùn, SPF 50." Ó ta díẹ̀, ó fi ìyókù pamọ́ de ọmọ rẹ̀.

Ó fi pa á lára láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ojú Ìní ti pọ́n, èjìká rẹ̀ sì ti lé, ó gbomi sínú. Kò jẹ́ kí aṣọ kan òun. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.

"Màmá Ìní, kí lẹ fi pa á lára?" Nọ́ọ̀sì Tiwátọ́pẹ́ bi í.

"Ìpara oòrùn kan tí mo rà ní Òkè-Fìà ni."

"Mọ́mì, èyí tẹ́ ẹ pò nílé ni," ni Ìní wí. "Mo bá yín lẹ bébà ẹ̀."

Àwọn ìyá tó jókòó yí ojú sí i. Ojú ti Dúróoríkẹ́ bí ẹni pé kó wọlẹ̀.

"Èmi ni mo pò ó," ó wí jẹ́ẹ́. "Ara ike ẹlòmíì ni mo ti wo nọ́ńbà yẹn kọ."

Nọ́ọ̀sì kò bú u. "Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ìpara ṣe lè dáàbò bo awọ tó. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òrí ń mú ara dán ni, kò lè dá oòrùn dúró. Tí oòrùn bá sì ń jó àfín léraléra, ó lè di jẹjẹrẹ."

"Èwo wá ni kí n rà?"

"Èyí tí SPF rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n sókè, tí wọ́n kọ UVA àti UVB sí lára, ìyẹn oríṣi ìtànṣán oòrùn méjì tó ń jó awọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ fi pa á dáadáa kó tó jáde, kẹ́ ẹ máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, tàbí tó bá ti làágùn. Akẹtẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn náà ṣe pàtàkì."

Ní ọjọ́ kejì, Dúróoríkẹ́ lọ bá Ìyá Mùyídéènì, àfín tó ń ta iṣu lójú oòrùn, tó ti ra ìpara náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà ti bó. Dúróoríkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lo ìpara yẹn mọ́. Irọ́ ni mo kọ sí i."

"Ṣé o mọ̀ kó o tó tà á fún mi?"

"Mo mọ̀ pé mi ò mọ̀ bóyá ó lè dá oòrùn dúró, mà."

Ìyá náà gbé ike náà fún un, ó yíjú sí iṣu rẹ̀.

Èjìká Ìní ti san. Síbẹ̀, Dúróoríkẹ́ kì í gba ojúde Ìyá Mùyídéènì kọjá mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ara ike kẹ́ ẹ tó ra ìpara oòrùn. Ẹ má ra èyí tó ń bóra kí ara lè pupa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ má kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò sára rẹ̀. Awọ èèyàn ni yóò jìyà irọ́ náà.