Orúkọ Tí Ràmọ́tà Ń Pè Nírọ̀lẹ́

Hussein ò ṣàìsàn kankan. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ ìyẹn ò ní mọ ohun tó mú ilé náà gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ó lá àwo, ó jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó tiẹ̀ gbá góòlù wọlé. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ìfófòó ti ń hó lẹ́nu ẹ̀ bí ọṣẹ, ó ń ta pàpà nílẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú. Kí bàbá ẹ̀ tó sáré dé láti ìdí iṣẹ́, ó ti kú.

Ilé afíngbá ni ilé yẹn, ní Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán. Ọdún 1988 ni, ọyẹ́ ń mú gan-an. Àlàmú ni baálé wọn, òun ló ń fi irin gbígbóná ya ẹyẹ àti alángbá sára igbá. Ìyàwó méjì ló ní. Kúbúrátù ni ìyálé, òun ni ìyá Hussein, ẹ̀wà ló ń tà lọ́jà. Marufat ni ìyàwó kékeré, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára ẹ̀ kó tó bí Basit, ìyẹn sì ti pé ọdún mẹ́fà. Mùílì, àbúrò Àlàmú tó ń wa táksí, ń gbébẹ̀ náà.

Ó ku ẹnìkan. Ràmọ́tà, opó ẹ̀gbọ́n Àlàmú. Yàrá ẹ̀yìn ló wà, òun nìkan.

Ràmọ́tà bí ọmọbìnrin kan, Ìbùkúnọlá. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣègbéyàwó ẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni bọ́ọ̀sì tó wọ̀ dojú dé lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kú. Aṣọ ìyàwó ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù. Láti ìgbà yẹn, Ràmọ́tà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àfi nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ọdún ikú ọmọ náà ń pé bọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó.

Há, ohùn yẹn! Ìrọ̀lẹ́ ni, ìgbà tí àwọn àdán bá ń jáde. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á di orí mú, ohùn á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni ń kùn, á wá gòkè, á gbọ̀n, á já. Obìnrin tó ń gún ata á gbé ọmọ odó dúró lókè. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá, omi á dà tán nínú búùtà, kò ní mọ̀. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò gbọ́ ọ, ó sunkún ìyá ẹ̀ tó ti kú láti ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tí kì í wọ̀ lákínyẹmí ara. Ohun tí ń dunni báyẹn máa ń bani lẹ́rù náà.

Ẹkún ìyàwó, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń rèlé ọkọ ní í sun ún. Opó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọkọ wo ló ń lọ bá?

Nínú ẹkún náà, ó máa ń pe orúkọ. Ẹnìkan ṣoṣo lójúmọ́. Bó bá ti pe ẹnìkan, á bú sẹ́kún, á wọlé.

Lálẹ́ tó ṣáájú ikú Hussein, ohun tó sun nìyí:

*Hussein àbúrò mi, jáde wá o,*
*Ẹ̀yìn mi lo sùn nígbà tí eyín ń hù ọ́.*
*Mò ń lọ báyìí, wá sìn mí dójú ọ̀nà.*

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fídáù ọmọ náà ni Kúbúrátù lọ dúró síwájú ẹ̀.

"Ìyá Ìbùkún, mo gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ pè é fún?"

Ràmọ́tà wò ó bí ẹni tí oorun ń kùn. "Èmi kọ́ ni mo pè é. Ìbùkún ló pè é. Gbogbo yín ni Ìbùkún ń pè."

Yéè! Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún ìyá olófò nìyẹn? Kúbúrátù ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Òkú ló ń pe ọmọ wa! Ó ní òkú ló ń pè wá!"

Àlàmú jáde, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti yí padà.

Kò tíì sun ẹkún náà láti ìgbà tí Hussein kú, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ gbọ́ o, Mùílì ni Ràmọ́tà pè. Mùílì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mo ní èrò nínú ọkọ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kúbúrátù gbé àwo ẹ̀wà kan fún un, torí òun ló gbẹ́ sàréè Hussein. Ó jẹ ẹ́, ó mumi, ó gbọ́kọ̀ jáde. Iwájú gáréèjì ni wọ́n ti gbé e bọ̀, ìfófòó lẹ́nu ẹ̀, kókósẹ̀ ẹ̀ ń lu ara wọn. Òun náà kú.

Látìgbà yẹn ni Kúbúrátù ò sọ "ẹ" fún Ràmọ́tà mọ́. "Ìwọ àjẹ́ yìí" ló kù. Ó lù ú ní kànga, ó fi páànù omi fọ́ ọ lórí. Àlàmú rí ẹ̀jẹ̀, ó padà sídìí igbá ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ràmọ́tà ò fi jáde. Ọjọ́ kẹrin, tí í ṣe Jímọ̀, ó tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Marufat ń da omi sórí Basit lọ́wọ́. Ohùn náà gòkè, ó gbọ̀n.

*Basit ọmọ kékeré ilé wa, jáde wá o...*

Igbá já bọ́ lọ́wọ́ Marufat. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Ràmọ́tà. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́! Èmi tí mo ṣe alárinà fún Ìbùkún, èmi ni! Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀!"

Ràmọ́tà fọwọ́ kan orí ọmọ náà. "Orúkọ ẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò lè yọ ọ́."

Kí oòrùn tó yọ dáadáa lọ́jọ́ kejì, Basit ti ń bì. Ìyókù ẹ̀wà àná tí Kúbúrátù fi sínú ìkòkò ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un. Ojú ẹ̀ yí, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mo ń gbé e lọ ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́," Marufat wí.

"Èyí kì í ṣe àìsàn dókítà," Àlàmú dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ dókítà ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó pọn ọmọ, ó jáde láìwọ bàtà.

Bí ọkọ̀ tí Marufat wọ̀ ṣe gbéra ni wọ́n wọ Ràmọ́tà jáde sójúde. Àwọn ará àdúgbò kún wọn. Wọ́n fi ọmọ odó lù ú lẹ́yìn, wọ́n fi ìgò fọ́ ọ létí, wọ́n tẹ ìka ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kán. "Dá orúkọ Basit padà! Dá a padà!" Ó ń sunkún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá orúkọ padà. Wọ́n so ó mọ́ igi ọ̀dán títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, kò sí ìròyìn kankan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kúbúrátù ní ọmọ ti kú nìyẹn. Ó ní ó kù sí ọwọ́ baálé. Kí ni àjẹ́ fi ń pè wá? Ṣebí ẹnu ni?

Àlàmú ti irin bọ iná, irin tó fi ń ya ẹyẹ sára igbá. Nígbà tó pọ́n, ó mú un wá. Ràmọ́tà rí i, ó ní, "Àlàmú, èmi tí mo wẹ̀ ọ́ lọ́mọdé?" Àlàmú ò dúró. Wọ́n di orí obìnrin náà mú. Ó gbé irin lé e létè, lókè àti nísàlẹ̀. Igbe tó jáde, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Òórùn ẹran ara gba ojúde. Àwọn kan sá.

Ibẹ̀ ni Marufat bá wọn. Basit wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń mí. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì dání: Ebenezer, ọmọ ìjọ onítẹ̀bọmi tó ń tún rédíò ṣe ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni ìbá fẹ́ Ìbùkúnọlá. Marufat tó ṣe alárinà wọn ló lọ pè é wá.

"Kí lẹ ṣe?" Marufat ń kígbe. "Kí lẹ fi ìyá yìí ṣe? Oògùn kòkòrò ni wọ́n fà jáde níkùn ọmọ! Dókítà bi mí pé kí ló jẹ, mo ní ẹ̀wà. Hussein jẹ ẹ̀wà! Mùílì jẹ ẹ̀wà! Ìyálé mi, kí lẹ dà sí ẹ̀wà yẹn?"

Àwọn tó di orí Ràmọ́tà mú jọ̀wọ́ ẹ̀, wọ́n tú okùn ara ẹ̀.

Kúbúrátù, tí kì í fẹnu kan ẹ̀wà torí inú rírun, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́: "Kòkòrò fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kí n da oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó sí i. Èyí tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, mo ní kí n má tà á, kí n máa bù ú sè díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè nílé." Ló bá sáré wọlé, ó bu ẹ̀wà náà sẹ́nu ní tútù, ó ń rún un. Àlàmú ló gbá ẹnu ẹ̀ títí ó fi pọ̀ ọ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. "Hussein! Èmi ni! Èmi ni!"

"Orúkọ tí Ràmọ́tà ń pè ńkọ́?" ẹnìkan béèrè.

Ebenezer dọ̀bálẹ̀ fún Àlàmú, ó dìde, ó tẹ rédíò. "Ìgbà tí Ìbùkún ń kọ́ ẹkún ẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó, èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ jókòó tì wá."

Ohùn ọmọ náà jáde. Ohùn Ìbùkúnọlá gan-an, tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún kan.

*Àlàmú, bàbá mi kékeré, ẹ jáde wá o,*
*Mò ń lọ báyìí, ẹ wá sìn mí dójú ọ̀nà.*

Irin já bọ́ lọ́wọ́ Àlàmú. Òun ni Ràmọ́tà kọ́kọ́ pè lóòótọ́, lẹ́yìn náà Kúbúrátù, kí ó tó pe Hussein. Wọn ò kú, torí náà kò sẹ́ni tó rántí. Ọmọ náà pe Kúbúrátù, ó dúpẹ́ pé ó kọ́ òun ní oúnjẹ sísè. Ó pe Hussein. Ó pe Mùílì. Ó pe Basit. Àlàmú àti Kúbúrátù, bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ ara wọn, ń wó lulẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ẹni ìkẹyìn ló wá kàn.

*Ràmọ́tà ìyá mi, mo kúnlẹ̀ báyìí,*
*Ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí,*
*Ẹ dá mi lóhùn kí n tó máa lọ.*

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́, àfi kásẹ́ẹ̀tì tó ń hó ṣììì. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ẹ̀ láti dáhùn, bí àwọn ìyá ti ń ṣe. Ẹlòmíì ò lè bá a dá a lóhùn. Gbogbo ojú yí sí Ràmọ́tà, sí ètè tí Àlàmú jó lẹ̀ mọ́ra.

Obìnrin náà fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ dé ibi tí rédíò wà nínú erùpẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tí ìka ẹ̀ ti kán lé e lórí. Kò gbé e kúrò níbẹ̀ títí kásẹ́ẹ̀tì fi yí tán.