Lẹ́yìn Kọ́tìnì Ìyá Mi

"Ẹ wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n!"

Dùnsìn, ọmọ kíláàsì mi, gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń kàwé síta níwájú kíláàsì, ọ̀rọ̀ sì há mi lọ́nà ọ̀fun, nítorí akólòlò ni mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ìwé wa nílùú Mestre, ní Ítálì, ti ń wò mí lórí TikTok.

Bí Dùnsìn bá jẹ búrẹ́dì, ayé á gbọ́. Èmi kì í gbé nǹkan kan síta. Tàwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń wò. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó dákẹ́ kì í bínú. Irọ́ ni! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dì í sínú.

Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù irun dídì ní òpópónà Via Piave. Kọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà máa ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí orí, torí gúlúù wíìgì ti jẹ irun iwájú orí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Dùnsìn wá dirí, kò mọ̀ pé ìyá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tó bọ́ wíìgì, iwájú orí rẹ̀ ń dán bí àwo. Adìyẹ dà mí lóògùn nù, èmi náà á fọ́ ọ lẹ́yin. Mo yọjú, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí TikTok, kọ́tìnì wa sì hàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rín àwọn èèyàn dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́.

Ní Sátidé kejì, ẹnì kan ò wọlé títí di ọ̀sán. Màmá Fọláyan, oníbàárà wa láti ọdún mẹ́jọ, kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Táyọ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ń bà mí kí irú fọ́tò ọmọ yẹn má lọ kan orí tèmi." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Táyọ̀, ìwọ lo ya fọ́tò yẹn?"

"Mamma, ha cominciato lei! Òun ló kọ́kọ́ ṣe mí!"

"O ò sì sọ fún mi? Ṣé Màmá Fọláyan náà ṣẹ̀ ọ́ ni? Àṣírí orí wọn ni wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀." Wọ́n bú sẹ́kún.

Mo pa fọ́tò náà rẹ́, àmọ́ ó ti wà lórí fóònù àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù tì pa. A kó lọ sílùú Modena, níbi tí ìyá mi ti ń gé ẹran nínú òtútù ilé iṣẹ́ kan.

N ò tíì dárí ji Dùnsìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, ẹ tètè sọ fún àgbà. Ẹ má ṣe gbẹ̀san. Èmi ni mo gbẹ̀san lára Dùnsìn, ìyá mi ló ń jìyà rẹ̀.