Ọ̀kẹ́ Àlìkámà Kan

Ìwé kan ṣoṣo ni olè mú. Ó fi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sílẹ̀.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ oúnjẹ tó ń ti òkè òkun wọlé ni. Ìwé kan fún ọdún kan, ọgbọ̀n ọdún gbáko: iye owó tí wọ́n san, ìwọ̀n ẹrù tó dé, àti iye tí tọ́ọ̀nù kan jẹ́. Ìwé ọdún kẹtàdínlógún ló pòórá. Agádágodo kò já, irin ojú fèrèsé kò sì tẹ̀.

"Bàbá Onífáìlì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́," ni ọ̀gá àgbà wí, ó ń nàka sí àgbàlagbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tí kì í bá ṣe òun, akunlé tó wá kun yàrá ìwé ni. Tí kì í bá ṣe akunlé, ọmọbìnrin oníṣirò yẹn ni. Ẹ ṣáà mú ẹnì kan, kí a sinmi."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá yínmú. Bó ṣe máa ń yínmú sí tọmọdé tàgbà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ayínmú. Ọdún méjìlélógún ló ti ń lé olè, kò sì tíì rí ọ̀kan tó yẹ lẹ́ni à ń kí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yára nàka máa ń bí i nínú ju olè lọ.

Ó wọ yàrá ìwé. Òórùn ọ̀dà gbà á nímú.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ kun ibí?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, ìyá." Ó ku oṣù kan kí bàbá fẹ̀yìn tì. "Ogún ọdún ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀dà. Àfi bí ọ̀gá ṣe ní kí wọ́n kun pẹpẹ ìwé. A kó ìwé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì dá wọn padà nírọ̀lẹ́."

"Ṣé ẹ kà wọ́n?"

"Ojú ti ń ṣe bàìbàì. Mi ò kà wọ́n."

Ayínmú kó ìwé kúrò lórí pẹpẹ. Ọ̀dà kò tíì gbẹ tán nígbà tí wọ́n dá wọn padà. Ìdí ìwé kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ sójú ọ̀dà bí òǹtẹ̀. Ó ka ojú òǹtẹ̀ náà. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ó yà sọ́dọ̀ Oníṣirò, ọmọbìnrin tó ń ṣèwádìí bí iye ọjà ṣe ń lọ sókè sódò láti ọgbọ̀n ọdún. Ó ti ya iye owó àlìkámà sára ògiri: ìlà tó ń rọra gòkè bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ibì kan ṣoṣo ló ti fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Ohun tí mo fẹ́ wò nìyẹn, mà. Igba dọ́là ni tọ́ọ̀nù kan tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kẹtàdínlógún, ó di ọ̀ọ́dúnrún, bí ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe tọ́ka sí i. Lọ́dún kejì, ó tún padà sí igba. Ìrẹsì ò mira, ṣúgà ò mira. Ilé ìfowópamọ́ ní mílíọ̀nù méjìlá dọ́là làwọn san fún àlìkámà ọdún yẹn, ṣùgbọ́n inú ìwé yẹn nìkan ni ìwọ̀n ẹrù wà. Mo sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá àti Bàbá lọ́jọ́rú."

Ayínmú padà sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ ti pẹ́ níbí?"

"Ọdún márùn-ún. Èbúté ni mo wà tẹ́lẹ̀, èmi ni olórí àwọn tó ń wọn ẹrù. Mi ò ṣí ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyẹn rí. Eruku lásán!"

"Kí ló wá mú àlìkámà wọ́n lọ́dún yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni ń gbọ́ àròyé ọmọdé. "Màdáámù, ọ̀rọ̀ ajé ò lè tètè yé yín. Ọ̀dá dá lókè òkun. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta tọ́ọ̀nù péré ló wọlé. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, ó di dandan kó wọ́n."

Ayínmú ránṣẹ́ pe Bàbá àti Oníṣirò.

"Ọmọ mi, fi ọ̀ọ́dúnrún pín mílíọ̀nù méjìlá."

"Ogójì ẹgbẹ̀rún, mà. Ọ̀kẹ́ méjì."

"Fi igba pín in, iye tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀."

Bírò dúró lọ́wọ́ Oníṣirò. "Ọ̀kẹ́ mẹ́ta."

Ayínmú kọjú sí ọ̀gá àgbà. Kò pè é ní "ẹ" mọ́. "Ọ̀kẹ́ méjì ló wà nínú ìwé. Ìwọ pe mẹ́ta. Ẹni tó wọn ẹrù gan-an ló lè mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀dá kankan. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ló wọlé, o kọ méjì, o ta ọ̀kan. O lè dín ìwọ̀n kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ò tó owó tí ilé ìfowópamọ́ san. Ìyẹn ló jẹ́ kí iye tọ́ọ̀nù kan fò sókè."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" ọ̀gá kígbe. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ta ló nílò kọ́kọ́rọ́? Ìdí ìwé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló tẹ̀ sójú ọ̀dà. Ìwé kan ò padà wọlé rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lo ti mú un. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò ní dúró de ọjọ́ ọ̀dà. Ọmọ yìí béèrè ìwé lọ́jọ́rú. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀dà ogún ọdún dé wìrì."

Ọlọ́pàá bá ìwé náà nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, lábẹ́ táyà. Wọ́n ti fi abẹ ha mẹ́ta kúrò, wọ́n sì kọ méjì lé e. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, láti ìgbà tí ìwé ọdún náà ṣì wà ní èbúté.

"Ilé ni mo fi kọ́," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Alájà mẹ́ta. Gbogbo wa la ń ṣe é nígbà yẹn."

"Gbogbo yín? Àwọn tó tò fún búrẹ́dì náà ń ṣe é?"

Bàbá Onífáìlì ló fọhùn. "Ọdún yẹn, wọ́n ní àwọn ará òkè òkun ló fowó lé àlìkámà. Ìyàwó mi lóyún. Ìdájí ló máa ń lọ tò fún búrẹ́dì. Orí ìlà ló ṣubú sí." "Ọmọ náà ì bá ti pé ọdún mẹ́tàlá."

Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀. "Mi ò mọ obìnrin náà rí."

"O ò mọ̀ ọ́n," ni Ayínmú wí, "ṣùgbọ́n o jẹ búrẹ́dì rẹ̀."

Wọ́n mú un gba àárín ọ́fíìsì kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti dìde kí i láàárọ̀ tẹjú mọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹnì kankan ò mira lórí ìjókòó.