Aṣọ Àwọn Nọ́ọ̀sì Mẹ́jọ

"Ìkà ni obìnrin kejì yẹn." Akọ̀wé ti dìde kí olùkọ́ tó pe ẹnikẹ́ni.

Obìnrin méjì inú ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà ni olùkọ́ ní kí wọ́n fi wéra. Opó làwọn méjèèjì, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì jí aṣọ ọ̀gá wọn tà. Èkíní jẹ́wọ́, ó sì fara da ìtìjú. Èkejì dákẹ́ títí wọ́n fi lé ẹlòmíràn kúrò níṣẹ́ nítorí rẹ̀, òun wá ń gbààwẹ̀ kiri kí Ọlọ́run lè dárí jì í.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ààwẹ̀? Kó yanu, kó sọ òótọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jókòó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà ti ń gbààwẹ̀.

Télọ̀ ni ìyá rẹ̀. Tí ìyá bá ń wọn oníbàárà, òun ló máa ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ Akọ̀wé ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn nọ́ọ̀sì mẹ́jọ, ó ti to orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú. Fóònù ló ń tẹ̀, ó kàn ń kọ nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò gbójú sókè wo ẹni tó dúró níwájú ìyá rẹ̀, nọ́ńbà ẹnì kan sì bọ́ sídìí orúkọ ẹlòmíràn. Bí Àǹtí Abẹ́rẹ́, tó ń bá ìyá rẹ̀ ránṣọ, ṣe bá a nínú ìwé ló ṣe gé aṣọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó sanra jù kò lè ki apá bọ tirẹ̀, Akọ̀wé sáré ya ojú ìwé náà dànù. Ìyá rẹ̀ pe Àǹtí ní afọ́jú níṣojú gbogbo wọn, ó sì lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un yẹn, Akọ̀wé jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá fà á lọ́wọ́ dé ilé Àǹtí, Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan ààwẹ̀.

"Èmi náà gbààwẹ̀," ni Àǹtí dáhùn. "Tèmi, oúnjẹ ni ò sí." Ó yíjú sí ìyá. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá yín ṣiṣẹ́, Mà. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo."

Ìyá bẹ̀ ẹ́ kó padà. Àǹtí ní ó dìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá gbọ́ òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àti Àǹtí tẹ̀ lé Akọ̀wé lọ, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí aṣọ tirẹ̀ tóbi jù bi í bóyá àgọ́ ló fẹ́ kí òun fi aṣọ náà pa. Nígbà tó ń sunkún lọ́dọ̀ ẹnì kẹfà, Àǹtí ní kó nu ojú, ó ku méjì.

"Màá wá lọ́la," ni Àǹtí sọ fún ìyá. "Àmọ́ fúnra mi ni màá máa kọ nọ́ńbà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tó ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n aláìṣẹ̀ tó jìyà nítorí wa gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wa, àwọn tó rí ìtìjú rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.