Tíréè Iléyá fún Àlàájà

Ìjà ni Láńre àti Waliyah fi pàdé létí omi Ìpakodò. Láńre ń sáré wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́, ló bá tẹ apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ Waliyah mọ́lẹ̀.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ ò ríran ni? Ọjà èèyàn lẹ gùn yẹn!”

“Ta ló ní kó o gbé e sójú ọ̀nà?”

Wọ́n bú ara wọn débi tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò pẹ́ sígbà náà, Láńre ló ń bá a gbé apẹ̀rẹ̀, tó ń pè é ní “ayọ̀ mi” lójú gbogbo èrò.

Ìyá Waliyah, Àlàájà Mùsílímátù ará Ẹ̀pẹ́, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọmọ Ìkòródù tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan rí, kí ló mọ̀ nípa ilé wọn?

“Wá kí wa nígbà Iléyá,” ló sọ fún un. “Bí mi ò bá rí i pé o mọ irú ẹni tá a jẹ́, má tún gbé ẹsẹ̀ rẹ wá síbí mọ́.”

Láńre pinnu pé ọwọ́ òun lòun máa fi ṣe ẹ̀bùn. Ó sọ férémù ńlá kalẹ̀ lára ògiri pálọ̀ wọn ní Ìgbògbò, ó yọ fọ́tò tó yà lọ́jọ́ tó gboyè kúrò nínú rẹ̀.

Ni Màmá Láńre bá figbe ta. “O yọ ojú ara rẹ kúrò lára ògiri mi, torí àna tí ò fẹ́ ọ?”

Láńre gbé férémù náà jáde síta. Ó kun férémù náà lọ́dà, ó kan pákó sí i nídìí, ó de ọwọ́ dúróà méjì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, ó wá di tíréè tí wọ́n lè fi gbé oúnjẹ. Ó ku ohun tó máa wà lábẹ́ gíláàsì. Ìwé dídán kan tí wọ́n fi góòlù kọ Lárúbáwá sí ló rà nítòsí mọ́ṣáláṣí ní Lásùnwọ̀n. Kò sọ fún Waliyah, ó fẹ́ kó bá a lójijì.

Lọ́jọ́ Iléyá, ó gbé e dé ilé Àlàájà, ó tú ìdì rẹ̀ lójú àwọn àlejò. Àlàájà tẹjú mọ́ ọn.

“Kí lo ní kí n gbé ka orí èyí?”

“Ẹran Iléyá ni, mà.”

“Ẹran! Lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run! Kí ọ̀rá máa kán sí i? Ilé mi lo ti wá fi ẹ̀sìn mi ṣe yẹ̀yẹ́!”

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Waliyah sunkún. “Láńre, ṣé o ò lè bi mí ni?”

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò lè kà á. Ó kàn rẹwà lójú mi ni, mo ní ó yẹ yín.” Ó nawọ́ kó gbé e kúrò.

Àlàájà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. “Ibo lò ń gbé e lọ? Kó o lọ fi jẹ ìrẹsì? Waliyah, mú òòlù wá!”

Àlàájà fúnra rẹ̀ gbé e kọ́ sókè lára ògiri, tòun ti ọwọ́ dúróà méjèèjì. Ojú rẹ̀ ò rọ̀.

“Tún òmíràn ṣe, aláìmọ̀kan. Aṣọ ni kó o tẹ́ sí i nínú, kó o sì bi ọmọ mi kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tíréè yẹn làwọn èèyàn rẹ máa fi gbé obì ìdána wá.”

Láńre gbé orí sókè nílẹ̀. “Ìdána, mà?”

“Ṣé etí rẹ náà ò mọ̀wé ni?”