Téèpù Ìtọ́jú Oyin, Apá Kejì

Ọkùnrin tó ń ka fíìmù fún wa ti lo oṣù mẹ́ta nínú sàréè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. N kò bá a wí. Ní ilẹ̀ Poland nígbà náà, orí ìlà ni a ti ń ra ẹran, orí ìlà ni a ti ń ra bàtà. Kò sí ìdí tí òkú náà kò fi ní tò títí yóò fi kàn án.

Seweryn Zawada ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù òkè òkun kì í sọ èdè wa, nítorí náà ọkùnrin kan ṣoṣo ni yóò jókòó ti makirofóònù, tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú fíìmù bo ohùn tiwọn mọ́lẹ̀. Ohùn kan náà fún ọkọ, fún ìyàwó, fún ẹni tí wọ́n ń yìnbọn lù. Kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Zawada a máa sọ "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" bí ẹni ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin, a ó sì gbà á gbọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní fúláàtì Ọ̀gbẹ́ni Leopold ló ti ń kà á, wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù bò ó kí ariwo má baà jáde, torí Leopold ló ń fi téèpù fídíò yá àwọn ará àdúgbò wa láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ló pa Zawada. Leopold ní bùláńkẹ́ẹ̀tì ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí ní 1986. Ignac ni wọ́n ń pè mí. Ohun kan wà lára mi tí n kò mọ orúkọ fún, àfi orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń bú ara wọn. Mo rò pé èmi nìkan ló ṣe ní gbogbo Poland, mo sì ń bò ó mọ́ra dáadáa, bí ẹni tó ní ikọ́ tí kò fẹ́ kó ran ará ilé.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, ó sì ní ilé oyin mẹ́rin nínú oko kékeré kan lẹ́yìn ojú irin. Ó gbọ́ pé fíìmù kan wà tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú oyin. Ó rán mi sí Leopold. Mo lọ, mo sì béèrè fún ìtọ́jú oyin.

Leopold wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán ọ?"

"Bàbá mi ni, ọ̀gá."

"Gbogbo wọn ni bàbá wọn máa ń rán." Ó na téèpù kan sí mi. "Apá kejì nìyí. Má wò ó níwájú ìyá rẹ o. Apá kìíní wà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé yín kan, Kajetan, ẹni gíga yẹn. Òun náà fẹ́ràn oyin."

Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé rẹ̀, mo sì lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fíìmù tí ìjọba kò fẹ́ kí a rí, ohun tó bá lè tètè mú ènìyàn sùn ni yóò kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Leopold rò pé mo ti mọ àdìtú náà. Nínú gbogbo ìlú wa, bàbá mi nìkan ló fẹ́ oyin lóòótọ́.

Aago méjì ọ̀sán ni mo fi téèpù náà sínú ẹ̀rọ, àwọn òbí mi wà níbi iṣẹ́. Kò sí oyin kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin méjì ni, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi ní etí òkun olótùútù kan. Nígbà tó ṣe, ọ̀kan nu èérún igi kúrò níwájú orí èkejì, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Zawada kà á pé: "Má gbé ọwọ́ rẹ kúrò." Bí àkókò ọkọ̀ ojú irin.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo lọ mu omi ife mẹ́ta ní ilé ìdáná. Mo padà wá tan án. Kì í ṣe èmi nìkan. Mo jókòó sílẹ̀ gbalaja, mo wò ó dé ìparí. Nígbà tí bàbá mi dé, mo sọ fún un pé ẹlòmíràn ti yá téèpù oyin lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tún wò ó. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń fá igi, ẹnu wọn pa dé. Zawada sì sọ̀rọ̀.

"Ignac, fa kọ́tìnnì. Ìyá Pelagia ń wò ọ́."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí, mo fa kọ́tìnnì kí ẹ̀rù tó bà mí. Mo wá yọjú láti ẹ̀gbẹ́. Ìyá Pelagia wà ní fèrèsé ilé òdìkejì lóòótọ́, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fèrèsé wa. Mo yí téèpù padà sẹ́yìn. Ìró igi fífá nìkan ni mo gbọ́. Òórùn bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù wà nínú yàrá náà, a kò sì ní irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Kajetan nílé ìwé.

"Leopold ní o fẹ́ràn oyin."

Kò gbójú sókè. "Díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Bàbá mi ń sìn ín."

"Bàbá tèmi ń wa kireeni. Àjà keje là ń gbé. Oyin wo ló máa gun ibẹ̀ wá?"

A rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ kẹ́mísírì fi lé wa síta, ìta yẹn ni Kajetan sì ti yọ ìwé kan fún mi, lára èyí tí Leopold ń fi yáni pẹ̀lú téèpù. Wọ́n fi bébà kábọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ ni, ẹ̀dà karùn-ún, ó ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ gbé e sí ojú fèrèsé kí a tó rí i kà. Olùkọ́ méjì ni ìtàn náà dá lé, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, ní abúlé kan. Ní ojú ìwé kẹrinléláàádọ́rùn-ún, ọ̀kan kan ilẹ̀kùn, èkejì sì fi ọwọ́ lé e láti inú. Ibẹ̀ ni ó parí sí. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ Leopold. A fi àdéhùn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́ta, níwájú ilé rẹ̀. Ẹni bá sọ pé kò yẹ kí ènìyàn fi ara rẹ̀ wewu nítorí ìdajì ìwé, ẹni náà kò tíì dé ojú ìwé kẹrinléláàádọ́rùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mo tún tan téèpù náà.

"Ignac," Zawada wí, "ní ọ̀la, má lọ sọ́dọ̀ Leopold. Ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó sí yàrá rẹ̀. Wọ́n ń ka ìwé tó kọ orúkọ yín sí."

Mo sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. "Kajetan ńkọ́?"

Mo kàn gbọ́ tó mí. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn nínú fíìmù, n kò gbọ́ èémí rẹ̀ rí.

Kajetan kò wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn kò ní fóònù nílé, àwa náà kò ní. Bí mo bá gbọ́ràn sí òkú lẹ́nu, mo bọ́, Kajetan yóò sì kan ilẹ̀kùn yẹn. Mo sáré. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ trámù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, níwájú ilé Leopold, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù. Kajetan wà lórí àga, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Má wọlé," mo wí.

"Mo mọ̀. Ó ní kí n jókòó síbí, kí n má jẹ́ kí o kọjá."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Má bi mí. Wọ́n á ní orí mi ti yí."

"Zawada ni."

Ó wò mí. "Ó ti kú."

"Mo mọ̀. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀."

"Ó mọ orúkọ tí ìyá mi ń pè mí," ni Kajetan wí. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga gbọ́.

Lókè, kọ́tìnnì Leopold ṣí díẹ̀. Ọwọ́ tó ṣí i kì í ṣe ọwọ́ Leopold. A wọ trámù tó kọ́kọ́ dé. Ó gbé wa dé ọjà màlúù, a sì dúró síbẹ̀ wákàtí kan, à ń wo màlúù bí ẹni tó fẹ́ rà.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Ọ̀gá Drozd ni ọlọ́pàá náà ń jẹ́, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó gbé ìwé Leopold síwájú mi: *Ignac, Oyin, 2.* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù kan wà.

"Jókòó, ọmọ mi. A ó jọ wo téèpù tí wọ́n gbà nílé yín. Lẹ́yìn náà, wàá kọ irú ẹni tí o jẹ́ síbí, wàá sì kọ orúkọ àwọn tí ẹ jọ jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé ìwé yín, a ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ bàbá rẹ. Kò gùn."

Ó tan ẹ̀rọ. Oyin kan fò kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tó fi àwọ̀n bojú ṣí ilé oyin. Zawada kà á pé, nígbà ìrúwé, a gbọ́dọ̀ yẹ afárá wò bóyá ọ̀rinrin wọ̀ ọ́.

Drozd yí i síwájú. Oyin. Ó yí i sẹ́yìn. Oyin. Ó jókòó, ó tan sìgá, a sì wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù wọ yàrá, ọkùnrin inú fíìmù sì tẹ̀ ba láìsọ nǹkan.

"Drozd," Zawada wí, "ọmọkùnrin tó kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní etí òkun, ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà lọ́mọ ogún ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ó ń bi mí bóyá ìwọ ni lóòótọ́."

Oyin tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Sìgá Drozd jó dé ìka rẹ̀, kò jù ú nù.

"Kí ló sọ?" ó bi mí.

"Ọ̀rọ̀ oyin ló ń sọ, ọ̀gá."

"Oyin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ó ní kí a má dà wọ́n láàmú nígbà òtútù."

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. "Máa lọ sílé. Téèpù yìí yóò dúró síbí." Bàbá mi kú láìrí fíìmù náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn.

Èmi àti Kajetan ti jọ ń gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò ń pè wá ní ìbátan, a kò sì já wọn nírọ́, wọ́n ti dàgbà. Ní 1993, wọ́n tẹ ìwé àwọn olùkọ́ méjì yẹn jáde, a rà á, a ka ìdajì kejì. Kò dára tó ti àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, mo máa ń gbé àbẹ́là lọ sí ojú oórì Zawada. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún Kajetan ń dùn ún, èmi nìkan ni mo lọ. Mo bá bàbá arúgbó kan tó dúró níbẹ̀. Mo mọ ìka rẹ̀ tó ní àpá kí n tó mọ ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀?" Drozd bi mí, láìkí mi.

"Rárá. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí mọ́."

"Mo sun téèpù yẹn ní 1990. Mo ta ẹ̀rọ náà. Mo ta tẹlifíṣọ̀n." Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lára iná àbẹ́là. "Aago méjì ọ̀sán, lójoojúmọ́, ó ń kà. Orúkọ ló ń kà, àwọn tí mo kọ. Kò bú mi rí. Kò gbé ohùn sókè rí."

"Wọ́n pọ̀ bí?"

"Ọdún mélòó ló ti fi ń kà wọ́n? Lánàá, ó ka èyí tó gbẹ̀yìn. Ó mí. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, bí ẹni tó ń ṣí ojú ìwé tuntun." Ó yí ojú sí mi. "Orúkọ kan ló kù, tèmi. Aago mélòó ló lù báyìí?"

Mo wo aago mi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó lu méjì. Mo sọ fún un.

Ó ní kí n má fi òun sílẹ̀. Ewé ti bo ọ̀nà, ilẹ̀ ń yọ̀, mo sì fún un ní apá mi. Ó dì í mú gírígírí. A rọra ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà láàárín èrò, ọkùnrin méjì, apá nínú apá, ní ọ̀sán gangan. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀.