Àtẹ́wọ́ fún Àìsàn Olúyọmí

"Ẹ má pa ẹ̀rọ o! Ẹ máa yà á lọ!" Richard, ẹni tó ń darí sinimá náà, kígbe mọ́ ayàwòrán rẹ̀.

Olúyọmí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ṣubú lulẹ̀. Ipa ọmọ tí ẹ̀mí òkùnkùn ń yọ lẹ́nu ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní irú gbígbọ̀n yìí. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, eré kọ́ o," ni Helen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí. "Wárápá ló gbé e."

Richard wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló bi ọ́? Ṣé o ṣì fẹ́ ṣe olorì nínú sinimá yìí, àbí kí n pe ẹlòmíràn?"

Helen ti fi ipò olorì yìí yangàn fún gbogbo kíláàsì rẹ̀. Ó panu mọ́.

Lọ́dún 1986, wọ́n gbé sinimá náà wá sí gbọ̀ngàn kan l'Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí Olúyọmí ṣubú lójú àwòrán, àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé, àwọn ará ìjọ tó ti jọ́sìn láàárọ̀, gbogbo wọn bú sáriwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àìsàn ọmọdé.

Lọ́sẹ̀ kejì, wárápá gbé Olúyọmí nítòsí ààrò táwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Ìyá Ràmọ́tà, ọ̀kan nínú wọn, ló máa ń fà á kúrò nídìí iná nígbàkúùgbà tó bá ṣubú, tó máa ń dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀yìn ló sá sí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ̀mí tó wà nínú sinimá ọjọ́sí nìyẹn!" ni ó kígbe.

"Ẹ gbà mí, àbúrò mi ni!" Helen sáré bọ̀ láti ìdí kànga. Kó tó dé, ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà ti wọnú iná.

Ní ọsibítù, Ìyá Ràmọ́tà ń sunkún. "Helen, ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Kí ló dé tó ò sọ fún wa pé àìsàn tí a mọ̀ náà ni?"

Helen wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ dì.

Richard náà wá, pẹ̀lú ọsàn àti ẹ̀rín. "Sinimá wa ń lọ s'Íbàdàn! Àbúrò rẹ ti di gbajúmọ̀."

"Ẹ gbé ọsàn yín. Àbúrò mi ò ní fi ọwọ́ yẹn di gègé mú mọ́. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn, n ó ti débẹ̀, n ó sì sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé wárápá ni ẹ yà."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ yìí bá a, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti jóná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó mọ òtítọ́ tó panu mọ́ nítorí iyì ti bá wọn ti ọmọ sínú iná.